Mejọ̀ Tó Kan Ògiri Ìyá Ọkọ Wò

Orí búrẹ́dì ni n ó ti mú ìtàn yìí, torí ìfẹ́ tí ebi bá ń pa kì í rìn jìnnà.

Ní ọdún tí odò ya wọ ìlú, tó ká afárá kúrò lójú ọ̀nà bí ẹni ká ẹní, àwọn ológun rán àwọn ẹnjiníà wọn wá láti na afárá onírin tí àwọn èèyàn yóò máa lò fúngbà díẹ̀. Mejọ̀ kan ni olórí wọn, obìnrin sì ni. Ó ga, ó tọ́ bí òpó iná, èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tóbi débi pé bàtà ọkùnrin ni wọ́n ń fún un níbi iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé gíga ló ti wọṣẹ́ ológun. Ó ti la ọ̀nà gba inú igbó, ó ti na afárá lórí odò tí ọ̀nì ń gbé, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ìka rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú kó tó gba ìràwọ̀ àkọ́kọ́ sí èjìká. Kò lọ́kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní, "Afárá ni mo fẹ́." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, akoto lórí, amọ̀ ní gbogbo ojú, ó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń ti irin. Ọkùnrin kan tó gbé àtẹ búrẹ́dì lórí wá dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, Mejọ̀ ni mò ń wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n ní òun ló pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ojú omi má gbé èèyàn kọjá mọ́. Búrẹ́dì tí ìlàjì ìlú máa jẹ wà lọ́rùn mi, ó ń tutù lọ. Wọ́n ní Mejọ̀ ọ̀hún le bí òkúta, wọ́n ní kò lẹ́rìn-ín lẹ́nu rárá. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń bá ara yín sọ̀rọ̀."

Sájẹ́ǹtì kan tó wà nítòsí fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. Rédíò ni àwọn ọmọ ogun ń pe Sájẹ́ǹtì yìí, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, bí ẹ sì rí i tó dákẹ́, ẹ mọ̀ pé nǹkan ńlá ń ṣẹlẹ̀.

Mejọ̀ ṣí akoto kúrò lórí. Irun dídì rẹ̀ já bọ́ sí èjìká.

"Èmi ni Mejọ̀," ló wí. "Èmi ni òkúta yẹn."

Ilẹ̀ kì í lanu nígbà tí èèyàn bá fẹ́ kó gbé òun mì. Oníbúrẹ́dì wo ilẹ̀ títí, ilẹ̀ ò dá a lóhùn. Ló bá sọ àtẹ kalẹ̀, ó mú búrẹ́dì kan tó ṣì gbóná, ó nà án sí i.

"Bẹ́ẹ bá máa yìnbọn fún mi," ló wí, "ẹ kọ́kọ́ jẹun ná."

Ẹ̀rín tí wọ́n ní kò sí lẹ́nu Mejọ̀, ibi yòówù kó ti fara pamọ́ sí, ó bú jáde lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di irin mú. Ó jẹ búrẹ́dì náà tán tòun ti amọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun gbé ọkùnrin náà àti àtẹ rẹ̀ kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni búrẹ́dì ti di àlejò ojoojúmọ́ létí odò. Kò sẹ́ni tó ní kó máa gbé e wá. Oníbúrẹ́dì á dé, á jókòó sórí òkúta, á ní òun ń sinmi. Mejọ̀ á fi igi fa ilà sórí ilẹ̀, á máa ṣàlàyé bí irin ṣe ń gbé ẹrù fún irin ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà á sì máa gbọ́ bí ẹni pé orin ni wọ́n ń kọ sí i létí. Òun náà á sọ bí ìwúkàrà ṣe ń mú ìyẹ̀fun wú, pé èèyàn kò gbọdọ̀ kánjú sí i, pé ẹni tó bá ń ṣí ààrò wò ní gbogbo ìgbà, pẹlẹbẹ ni búrẹ́dì rẹ̀ á máa rí.

"Ọ̀gá," ni Rédíò sọ lọ́jọ́ kan, "ọkùnrin kì í gbé búrẹ́dì wọ ẹrẹ̀ lásán."

"Sájẹ́ǹtì, padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Mo ti padà, ọ̀gá. Ẹnu mi nìkan ni kò tíì padà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mejọ̀ lọ́kàn. Nígbà tó wọ yàrá rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí kékeré tó so mọ́ ògiri. Ogójì ọdún ti ń kanlẹ̀kùn lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ta ni yóò di irú ọwọ́ yìí mú tí kò ní rò pé òun ń bọ èèyàn lọ́wọ́ ní páréèdì? Ó fi ìpara pa á. Ó tún nù ún kúrò. Ó tún fi pa á. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹ jẹ́ ká má purọ́, ó ń sọ àgbàlagbà di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Nígbà tí afárá kù díẹ̀ kó dé òdìkejì, Oníbúrẹ́dì ní, "Mejọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sílé wa lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyá mi fẹ́ rí yín."

"Ìyá yín mọ̀ mí?"

"Ó mọ̀ pé búrẹ́dì ń dín."

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó hú àdó olóró láìgbọ̀n ṣe ń gbọ̀n lójú ọ̀nà ilé ìyá arúgbó kan. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tó yá lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bárékè, aṣọ náà há a lápá, kò sì dé ibi tó yẹ kó dé lẹ́sẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni, ó dúró ní kọ̀rọ̀ òpópó kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ààrò búrẹ́dì wà, ní ìsàlẹ̀ níwájú ni pálọ̀, òórùn ìyẹ̀fun gbígbóná sì ti wọ inú tìmùtìmù. Ìyá Oníbúrẹ́dì kúrú, ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Ó gbé omi tútù ka iwájú àlejò, ó jókòó, ó sì ń wò ó láti orí dé bàtà. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí bàtà.

"Wọ́n ní o máa ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin," ni Ìyá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé wàá máa pàṣẹ fún òun náà?"

"Rárá, mà. Òun kì í gbọ́, mà."

Ìyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Gbogbo wọn dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló sì ba nǹkan jẹ́, torí ojú ẹnjiníà kì í sinmi. Ojú Mejọ̀ gbéra, ó lọ sára ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti ilé ààrò. Wọ́n ti lu ihò ńlá sí i láti máa ti àtẹ búrẹ́dì gba ibẹ̀ kọjá. Láti igun ihò náà, sísán kan gbéra, ó gun ògiri lọ ní ìdagẹ̀rẹ̀ títí dé àjà. Kí Mejọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dìde. Ó fi ìka kan ògiri, kó-kó-kó. Ó gbé etí lé e. Ó gbójú sókè wo àjà, ó mi orí.

"Mà, ta ló lu ihò yìí?"

"Kí ló dé?"

"Kò sí àtẹ́rígbà lórí rẹ̀, mà. Ògiri yìí ló gbé gbogbo òkè dání, iná ààrò sì tún ń yan án láti ẹ̀yìn. Ẹni tó lù ú kò mọ nǹkan kan nípa ilé. Bẹ́ẹ bá fi í sílẹ̀ báyìí, ó máa wó lé yín lórí."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oníbúrẹ́dì pa ojú dé bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ gbá. Ìyá rẹ̀ gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí."

"Mà, n kò sọ pé..."

"Inú rẹ̀ ni mo bí ọmọ yìí sí. Inú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kú sí. O wọlé lónìí, omi tí mo gbé fún ọ, o ò tíì fi kan ẹnu, o ti ń sọ pé yóò wó. Ìwọ," ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, "ìyàwó lo mú wá fún mi ni, àbí wolé-wolé?"

Jìnnìjìnnì mú Mejọ̀. Nígbà tí jìnnìjìnnì bá sì mú sọ́jà, ohun tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù ló máa ń ṣe. Ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, gbàgà! Ó nà ró ṣánṣán, ó ju àyà síwájú, aṣọ nọ́ọ̀sì sì ya lábíyá.

"Mà!"

"Má nà bí òpó níwájú mi. Máa lọ sílé."

Níta, Oníbúrẹ́dì kò mọ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ọwọ́ líle yẹn, kò sì fi í sílẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ló máa wó?"

"Lóòótọ́ ni."

"O ò lè fi ọ̀rọ̀ náà mumi?"

"Lórí ògiri? Mi ò lè ṣe é. Èèyàn ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Mejọ̀, èmi nìkan ni Màmá ní. Mi ò lè gba orí rẹ̀ kọjá fẹ́yàwó."

"Èmi náà ò ní jẹ́ kó o ṣe bẹ́ẹ̀," ni Mejọ̀ wí. "Mi ò níyàá mọ́. Mo mọ bí ilé ṣe ń rí tí kò bá sí ìyá nínú rẹ̀. Bí n kò bá rí ojú rere rẹ̀, n kò wọlé."

Lọ́nà, ó wo ọ̀run, ó ní eruku kó sí òun lójú. Kò sí eruku kankan lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

Wọ́n parí afárá onírin, àwọn ọkọ̀ ń kọjá, àwọn ológun sì palẹ̀ mọ́. Wọ́n rán Mejọ̀ lọ sí ibi jíjìn, níbi tí ogun ti parí ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ṣì kún fún àdó. Ibẹ̀ ló ti di Kọ́nẹ̀lì. Ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì kò gbà, ó ní Mejọ̀ ni òun mọ̀, Mejọ̀ ni òun ó máa pè é. Nítorí náà, èmi náà ò ní yí i padà. Nígbà tí fóònù bá wọlé, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí. Ọkùnrin náà á ní, "Kí lo jẹ lónìí?" Obìnrin náà á ní, "Nǹkan kan tí wọ́n pè ní búrẹ́dì." Àwọn méjèèjì á sì máa gbọ́ èémí ara wọn bí ọ̀dọ́langba tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Rédíò sọ ara rẹ̀ di alárinà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fún un ní ìsinmi, ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń gbà lọ kó tó dé ilé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń bínú sí i nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pa mọ́.

"Màmá, ọ̀gá mi kí yín. Wọ́n ní báwo ni ògiri?"

"Sọ fún un pé ògiri mi ò tíì lanu, aláǹgbá kankan ò sì ní wọ̀ ọ́."

Rédíò gbé e lọ bí wọ́n ṣe rán an. Mejọ̀ gbọ́ ọ, ó ronú, ó ní, "Bá mi bi wọ́n bóyá sísán yẹn ti fẹ̀ sí i."

"Ọ̀gá! Wọ́n pè yín ní aláǹgbá!"

"Mo gbọ́. Bá mi bi wọ́n."

Rédíò tún gbé e padà. Ìyá lé e jáde, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku òun nìkan, ó lọ dúró síwájú ògiri, ó na ìka, ó tì í wọ inú sísán náà. Ìka náà wọlé ju bó ṣe rò lọ. Ó yíjú wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wo òun. Lẹ́yìn náà ló rọra wọ́ àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ ògiri lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé atẹ́gùn ni òun fẹ́.

Ó wá ìyàwó míràn fún ọmọ rẹ̀ o. Ó pe ọmọbìnrin aránṣọ kan wá jẹun. Ọmọ náà dára, ó mọ ìwà hù, ó jókòó tán, ó ní, "Mà, ilé yín mà dúró dáadáa o! Ẹ wo bí ògiri yẹn ṣe rẹwà!"

Ìyá wo ògiri. Ó wo ọmọbìnrin náà. Nígbà tí aránṣọ lọ, Ìyá kígbe mọ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé afọ́jú ni ọmọ yẹn ni?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ pè é."

"Panu mọ́."

Nígbà tó yá, ìjọba ní kí wọ́n kọ́ afárá gidi, ti kọnkéré, rọ́pò ti irin. Àwọn ẹnjiníà ológun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, Mejọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀. Inú Oníbúrẹ́dì dùn débi pé ó fi iyọ̀ sí búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ìlú sì ń mu omi. Ìyá rí i bẹ́ẹ̀, ó pa ìpinnu kan mọ́ inú. Òun yóò lọ bá sọ́jà yẹn fúnra òun, òun yóò bá a sọ̀rọ̀ bí obìnrin sí obìnrin: kó jọ̀wọ́ ọmọ òun, kó má jẹ́ kí ewú bá a lórí láìníyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ afárá náà tán, tí wọ́n fẹ́ dán an wò, ló mú.

Ó dé ibẹ̀, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n kó òkúta kún, wọ́n tò gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì ń kùn. Àwọn ọ̀gá ńlá jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Kò rí ẹni tó ń wá.

"Rédíò! Níbo lọ̀gá rẹ wà?"

Rédíò nàka sísàlẹ̀. Lábẹ́ afárá, ní àárín odò, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà tí wọ́n so mọ́ òpó. Mejọ̀ dúró nínú rẹ̀ lóun nìkan, ó gbé ojú sókè.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ṣé kò rí àwọn ọkọ̀ yìí ni?"

"Bí àwa ẹnjiníà ṣe ń ṣe é nìyẹn, Màmá. Ẹni tó bá kọ́ afárá ni yóò dúró lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹrù àkọ́kọ́ bá ń kọjá."

"Bó bá wá wó ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé a nílò ọ̀gá tuntun nìyẹn."

Ìyá fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti gbéra. Ilẹ̀ mì. Èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi kún orí afárá láti òpin dé òpin, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ìyá kò wo ọkọ̀ kankan. Obìnrin inú ọkọ̀ ojú omi yẹn ló ń wò. Kò sá, kò yẹ̀, ó ń fi ojú tẹ̀ lé abẹ́ afárá láti òpó dé òpó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ìyá kò mọ ìgbà tó di apá Rédíò mú. Nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn kúrò lórí afárá, apá Rédíò ti fẹ́ kú tán.

Kò dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán. Ó gba ẹ̀bá odò lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ẹrẹ̀, ó fi ìdí jókòó, ó sì fi ìdí náà yọ́ lọ títí dé etí omi. Bó bá jẹ́ èmi tí mò ń rò ó yìí ni, inú odò ni ǹ bá ti bá ara mi. Mejọ̀ fò jáde nínú ọkọ̀, ó gbé e dìde.

"Mà! Ẹ fara pa?"

"Ìdí mi ló fara pa, fi í sílẹ̀. Ta ló ní kó o lọ dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Èmi ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Bó bá máa wó lu ẹnikẹ́ni, orí mi ló yẹ kó kọ́kọ́ bà."

Ìyá ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀, ẹrẹ̀ náà ń tàn kálẹ̀ sí i.

"Ọjọ́ tí ọkọ mi parí òkè," ló wí nígbà tó yá, "ó kó gbogbo àpò ìyẹ̀fun tí a ní lọ sókè. Ó wá jókòó sísàlẹ̀, ó ní kí n gbé oúnjẹ òun wá. Mo bú u, mo pè é ní wèrè. Ó ní bí òun ò bá lè jókòó sábẹ́ rẹ̀, báwo ni òun ṣe máa ní kí èmi sùn síbẹ̀." Ó fa imú. "Ilé tó kọ́ dára."

"Ó dára, mà. Gbogbo ibi yòókù ló dára. Ihò yẹn nìkan ni."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n lu ihò yẹn."

Mejọ̀ wò ó.

"Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè máa gbé àtẹ yí ilé po mọ́. Mo pe ọkùnrin kan tó ní òòlù. Ọjọ́ tó o wá, tó o ní ẹni tó ṣe é kò mọ nǹkan kan nípa ilé, mo pariwo pé ọkọ mi lo bú. Èmi lo bú. Èmi tí mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mejọ̀ wo odò, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, òtítọ́ sì ń yún un lẹ́nu. "Ṣùgbọ́n ẹni náà ò mọ nǹkan kan nípa ilé lóòótọ́, mà."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn Ìyá, ó gun òkè wá, ó mì í débi pé Mejọ̀ ní láti dì í mú kó má baà tún jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Wá tún un ṣe," ló wí nígbà tó rí èémí mí. "Kó o wá dúró lábẹ́ rẹ̀ kí n rí ọ."

Mejọ̀ gba ìsinmi, ó kó òpó wá, ó fi gbé òkè ró. Òun àti Rédíò da àtẹ́rígbà kọnkéré onírin sórí ihò náà, wọ́n tún gbogbo ibi tó sán dì, wọ́n sì mọ ògiri bíríkì míràn sáàárín ààrò àti ti àtijọ́ kí iná má baà yan án mọ́. Ìyá jókòó tì wọ́n, ó ń ṣe ọ̀gá.

"Kí ló dé tẹ́ ò tíì yọ òpó?"

"Kò tíì gbẹ, mà."

"Ó ti gbẹ lójú mi."

"Inú rẹ̀ ò tíì gbẹ. Bíi búrẹ́dì ni, mà. Ẹ má ṣí ààrò wò."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wo àjà ilé. "Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?" ni Ìyá bi í, kò sì dúró gba èsì.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ òpó, Oníbúrẹ́dì àti Rédíò ru àpò ìyẹ̀fun lọ sókè, wọ́n ń mí bí ẹṣin. Mejọ̀ dúró sí ìsàlẹ̀, gbáko lábẹ́ àtẹ́rígbà. Àpò ń balẹ̀ lókè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbì, gbì. Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Àpò mélòó kan ló ṣì kù nígbà tí wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń họ ilẹ̀. Ìyá ló ń wọ́ àga rẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó wọ́ ọ dé abẹ́ ògiri, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Mejọ̀, ó sì jókòó.

"Mà, ẹ jẹ́ kó parí ná."

"Ilé mi ni. Bó bá máa wó, kó wó lu àwa méjèèjì." Ó gbójú sókè, ó kígbe, "Ẹ máa kó o wá jàre! Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

Wọ́n kó o tán. Ògiri kò dún pìnpìn. Oníbúrẹ́dì sáré sọ̀ kalẹ̀, ìyẹ̀fun ní gbogbo irun, ó dúró, ó ń wo àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n wà.

"Kí lò ń wò?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ lo mú un wá. Ṣé o fẹ́ kó lọ hú àdó tán ní gbogbo ayé kó o tó fẹ́ ẹ?"

Wọ́n ṣègbéyàwó láìpẹ́ sígbà náà. Ìgbéyàwó wọn kò dà bíi ti àwọn aládùúgbò. Iṣẹ́ á gbé ìyàwó lọ, á tún gbé e padà. Ọkọ kò fi ààrò rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Oníbúrẹ́dì bá lọ kí i ní bárékè, gbogbo ọmọ ogun ló máa ń mọ̀ nítorí òórùn. Ìyá kò fi ẹnu mímú rẹ̀ sílẹ̀. "Sọ́jà" ló ń pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. "Sọ́jà, wá jẹun." "Sọ́jà, bàtà rẹ ti di ọ̀nà." Mejọ̀ á dáhùn, á sì jẹun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Èèyàn kì í gba gbogbo nǹkan tán. Ó ti gba ọkọ, ó ti gba àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ló tún fẹ́? Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí ó bá gbọ́ tí Ìyá ń pe ọmọ aládùúgbò ní "ọmọ mi", ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó wọlé.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, iṣẹ́ gbé e dé ibi tí obìnrin ẹnjiníà kankan kò tíì dé rí nínú ẹgbẹ́ ogun wọn. Wọ́n ní kó wá gba oyè Jẹ́nẹ́rà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé ẹni ló ń fi àmì oyè onídẹ sí èjìká ẹni. Ọkọ á fi ti ọ̀tún, òbí á fi ti òsì. Ọ̀gá tó ń ṣètò bi í léèrè ẹni tí yóò dúró fún òbí rẹ̀. Mejọ̀ kò tíì dáhùn tí arúgbó kan fi gba ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ yọ, ọ̀pá lọ́wọ́, gèlè lórí.

"Ta ló tún kù?" ni Ìyá wí. "Gbé idẹ yẹn fún mi."

Fèrè ológun ń dún. Oníbúrẹ́dì fi ti ọ̀tún sí i, ó sì rọra sọ ní etí rẹ̀ pé, "Mejọ̀, o ṣeun." Ìyá mú ti òsì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó wá aṣọ títí, ó rí i, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ti abẹ́rẹ́ idẹ náà. Ó gba aṣọ kọjá, ó sì wọ ara lọ.

Ojú Mejọ̀ kò yí. Àwọn ọ̀gá ń wò. Àwọn ọmọ ogun ń wò, wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ.

"Ṣé ó gún ọ?" ni Ìyá bi í ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Rárá, mà."

"Ìwọ tó o sọ òtítọ́ nípa ògiri mi, irọ́ lo wá ń pa fún mi yìí?"

Ojú Mejọ̀ wà níwájú, àyà rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà pọ̀. Omi kan gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Yéè!" ni Jẹ́nẹ́rà tuntun ké, fèrè sì ṣi orin kọ lójijì. "Ìyá mi, ó dùn mí o!"

Ìyá yọ abẹ́rẹ́ náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó ṣí kọ́là aṣọ ológun náà níwájú gbogbo ayé, ó tu itọ́ sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi ń pa ojú ibẹ̀ fún un, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́."

Ó yíjú sí àwọn ọ̀gá ológun tó dúró tí ẹnu wọn là sílẹ̀.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ ò rí ìyá àti ọmọ rí ni? Ẹ fun fèrè yín jàre!"